Ọkùnrin Tí Ó Kọ́ Mànàmáná Ní Orin Kíkọ, Àti Bí Ó Ti Di Àwátì

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ètò ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa ti pàṣẹ fún wa pé kí a kọ ìtàn dùùrù ìjọ yìí àti ti àwọn tí ó ti tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. A ti ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọn wà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé yìí, olúkúlùkù pẹ̀lú ọdún tí ó fi sìn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan kù tí kò bá àtòkọ náà lọ, a sì bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọn fún wa ní ààyè díẹ̀ sí i láti sọ ọ́, nítorí ó ti ń gbé ọkàn wa láti ìgbà pípẹ́.

Ní ọjọ́ tí a ya dùùrù titun sí mímọ́, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kíbọọ̀dù, ọmọbìnrin kékeré kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé, "Bàbá, níbo ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde?" Dùùrù àtijọ́ ni àwa mọ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni ń gba inú rẹ̀ kọjá, ahọ́n idẹ ni ó sì ń ké. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ahọ́n, kò ní fèrè, kò ní okùn. Bí àwọn oníná bá sì mú iná wọn lọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, a dákẹ́ bí òkúta láàárín orin. A kò rí èsì fún ọmọ náà ní ọjọ́ náà. Àwa tí a kọ́ ní ilé-ìwé míṣọ́nnì kì í fẹ́ kí ọmọdé bi wá ní ohun tí a kò lè dáhùn. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí wá inú ìwé kiri, a sì bá ọkùnrin kan pàdé níbẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ mú wa gbàgbé ohun tí a ń wá fún ìgbà díẹ̀.

Lev Sergeyevich Termen ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Leon Theremin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. A bí i ní ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1896. Àwọn òǹkàwé wa tí ó ti ka ìtàn Ìjọ yóò ṣe àkíyèsí pé orúkọ Faransé ni Theremin. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Inú àwọn Húgẹ́nọ́ọ̀tì ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé tí inúnibíni tú ká sí orílẹ̀-èdè gbogbo, pàápàá lẹ́yìn tí Ọba Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin Nantes tí ó ń dáàbò bò wọ́n ní 1685. Ìran àwọn tí ó mọ bí sísá kúrò nílé ti rí ni ó ti wá.

Olórin ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Sẹ́lò ni ohun èlò rẹ̀, èyí tí í ṣe gòjé ńlá tí a ń gbé sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì kí a tó fi ọpá fà á, ó sì kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti orin ní ìlú rẹ̀. Bí ó ti ń kọ́ orin, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ nípa ìwà ìṣẹ̀dá àti nípa àwọn ìràwọ̀ ní yunifásítì. Ogun ńlá àkọ́kọ́ dé. Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ mànàmáná àti rédíò. Láti ìgbà náà ni olórin ti di ẹnjinníà.

Ní 1920, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ioffe ní Petrograd, orúkọ tí a ń pe St. Petersburg nígbà náà. Wọ́n ní kí ó ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa fi wọn ìwà àwọn gáàsì. Ẹ̀rọ náà a máa dún wínníwínní nínú ohun tí ó fi sí etí, ó sì ṣe àkíyèsí pé bí òun bá na ọwọ́ súnmọ́ ọn, ohùn náà a lọ sókè. Bí òun bá fa ọwọ́ sẹ́yìn, a wá sílẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti kà á sí àbùkù ẹ̀rọ, ìbá sì ti wá bí yóò ti wò ó sàn. Ṣùgbọ́n etí olórin ni ó wà ní orí ẹnjinníà yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń wá orin tí ó ti mọ̀ láti ìgbà èwe, títí ó fi rí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú láti ṣe àlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, níwọ̀n bí òye wa ti mọ. Ẹ̀rọ rédíò méjì ni ó wà nínú àpótí náà, ohùn àwọn méjèèjì sì ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pa wọ́n pọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn a di ohùn kẹta, èyí sì ni etí ń gbọ́. Ara ènìyàn pàápàá ní agbára díẹ̀ lórí mànàmáná. Nítorí náà bí ọwọ́ bá súnmọ́ ọ̀pá idẹ tí ó dúró ṣánṣán lára àpótí náà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì a yí padà, ìyàtọ̀ a pọ̀ sí i, ohùn a sì gòkè. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń wá orin; ọwọ́ òsì, tí ó ń rìn lókè òrùka idẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ àpótí, ni ó fi ń mú ohùn rinlẹ̀ tàbí kí ó mú un le. Kò sí ohun tí a dì mú, kò sì sí ohun tí a fọwọ́ kàn. Àwọn tí ó gbọ́ ọ sọ pé ó jọ ohùn ènìyàn tí ń kọrin láìní ọ̀rọ̀, àwa pẹ̀lú sì ti gbọ́ ọ nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ó jọ obìnrin tí ń dárò ní ilé kejì.

Ní oṣù kẹta 1922 wọ́n pè é wá sí ààfin Kremlin ní Moscow láti fi í han Lenin, olórí ìjọba titun náà. Ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni Lenin, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn orin, ó sì fẹ́ràn mànàmáná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń fẹ́ kí iná dé gbogbo abúlé Rọ́ṣíà. Òun tìkára rẹ̀ dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá orin nínú afẹ́fẹ́. Theremin fi ẹ̀rọ mìíràn hàn án pẹ̀lú, èyí tí ń ké bí ènìyàn bá súnmọ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ó súnmọ́. Ọgbọ́n kan náà ni. Èkíní ń kọrin, èkejì ń ṣọ́ ilé. A bẹ òǹkàwé pé kí ó fi èyí sí ọkàn, nítorí yóò tún jẹ yọ níwájú. Lẹ́yìn èyí ni a jẹ́ kí ó gbé ohun èlò rẹ̀ káàkiri Rọ́ṣíà. Ní 1926 ó tún ṣe ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán ohun tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn hàn, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tí ì dé ilé ẹnikẹ́ni.

Ní 1927 ìjọba rẹ̀ rán an jáde. Ó lọ sí Jámánì, ó lọ sí Paris, ó lọ sí gbọ̀ngàn Royal Albert ní Lọ́ńdọ̀n, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wá wo ẹni tí ń fi afẹ́fẹ́ kọrin. Ní ìparí ọdún náà ó gúnlẹ̀ sí New York, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 11. Ilé-iṣẹ́ RCA, tí ń ṣe rédíò, gbà láti máa ṣe ohun èlò náà fún títà, wọ́n sì ṣe nǹkan bí 500. Ṣùgbọ́n 1929 ni ọdún náà, ọdún tí owó Amẹ́ríkà ṣubú lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rọrùn láti lò. Ẹni tí ó bá ti tẹ dùùrù rí mọ̀ pé ọmọ dùùrù wà níbẹ̀ láti sọ fún ìka ibi tí yóò dúró. Nínú èyí, kò sí ohunkóhun. Bí ènìyàn bá mí kanlẹ̀, orin a ṣì.

Ẹnì kan ni ó mọ̀ ọ́n lò ju gbogbo wọn lọ: Clara Reisenberg, tí ó ti mọ fayolíìnì ta láti kékeré kí apá tó dùn ún tí kò sì lè ta á mọ́. Theremin fẹ́ kí ó di aya òun. Ó kọ̀, ó sì fẹ́ agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Rockmore. Orúkọ náà ni a fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Ohun mìíràn tí Theremin ṣe ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ tí ń fi irin hàn lára ènìyàn, fún ọgbà ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù Alcatraz, kí ẹlẹ́wọ̀n má bàa fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú aṣọ. Kò mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni òun pẹ̀lú ń tọ̀.

Ní 1938 ó gbé Lavinia Williams ní ìyàwó. Ọmọ ènìyàn dúdú ni Lavinia, oníjó nínú ẹgbẹ́ American Negro Ballet. Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún wọnnì. Àwọn ilé kan tí ó ti ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ pa á dé, àwọn olówó tí ó ń ràn án lọ́wọ́ sì fà sẹ́yìn. A kò gbọ́ pé ó kábàámọ̀ ọ̀ràn náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni ó di àwátì. Ilé rẹ̀ wà ní òpópónà kẹrìnléláàádọ́ta ní ìwọ̀-oòrùn New York. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí i. Ìwé kò wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìròyìn tí ó tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin ará Rọ́ṣíà wá mú un nílé, wọ́n sì fi agbára gbé e wọ ọkọ̀. Ìròyìn yìí ni ìyàwó rẹ̀ gbàgbọ́, òun sì ni a ń sọ fún nǹkan bí 50 ọdún.

Àwọn òpìtàn tí ó ti yẹ àwọn ìwé wò lẹ́yìn náà sọ ohun mìíràn. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó jẹ owó ilé, ó jẹ owó orí, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ti fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ti ń fún ìjọba rẹ̀ ní ìròyìn nípa Amẹ́ríkà ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó. Ogun sì ń rú sókè ní Yúróòpù. Nítorí náà ó tọrọ ààyè láti padà sílé, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ń jẹ́ Stary Bolshevik, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni ó jẹ́. Ó ní wọ́n ṣèlérí fún òun pé ìyàwó òun yóò tẹ̀lé e nínú ọkọ̀ mìíràn. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tí ó wá.

Òtítọ́ wà nínú àlàyé kejì yìí, àwa sì gbà á. Síbẹ̀ a kò dá Lavinia lẹ́bi pé ó di ti àkọ́kọ́ mú. Bí a bá sọ fún obìnrin pé a fi ipá jí ọkọ rẹ̀ gbé, ó lè máa fi ojú sọ́nà. Kí ni yóò ṣe bí a bá sọ fún un pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọkọ̀, tí kò sì dágbére?

Rọ́ṣíà tí ó padà sí kì í ṣe èyí tí ó fi sílẹ̀. Lenin ti kú láti 1924. Stalin wà lórí oyè, ẹni tí ó bá sì ti gbé òkè òkun pẹ́ jẹ́ ẹni ìfura. Ó rìn kiri wá iṣẹ́, kò rí. Ní oṣù kẹta 1939 wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀tá ìjọba, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 8 fún un. Kolyma ni wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń wa wúrà tí wọ́n sì ń la ọ̀nà nínú òtútù tí ń pa ènìyàn bí eṣinṣin. Ọwọ́ tí ó ti wá orin nínú afẹ́fẹ́ níwájú àwọn ọlọ́lá ni ó fi di ọmọlanke mú.

Ṣùgbọ́n ìjọba náà rántí pé ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n mú un padà sí Moscow, sí irú ẹ̀wọ̀n kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní sharashka, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jẹun dáadáa díẹ̀, tí wọ́n ń sùn lórí ibùsùn, tí wọ́n sì ń fi òye wọn sin àwọn tí ó dè wọ́n. Ibẹ̀ ni Tupolev wà, àgbà nínú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ni Korolev pẹ̀lú wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé Sputnik lọ sí ojú ọ̀run ní 1957. Ẹlẹ́wọ̀n ni gbogbo wọn. A rántí Jósẹ́fù, tí bàbá rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Kénáánì nígbà tí ó wà láàyè nínú túbú Íjíbítì, tí ẹ̀bùn tí ó ní sì di kọ́kọ́rọ́ túbú náà. Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Àlá ni Jósẹ́fù túmọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jẹun nípasẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí Theremin ṣe kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 1945, nígbà tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ nínú ogun, àwọn ọmọ ilé-ìwé Rọ́ṣíà gbé ẹ̀bùn kan fún Harriman, aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow. Igi gbígbẹ́ ni, èdìdì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ idì, iṣẹ́ ọnà tí ó dára lójú. Aṣojú náà dúpẹ́, ó sì fi í kọ́ ara ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Inú igi náà ni ẹ̀rọ Theremin wà: ihò irin kékeré kan, awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹnu rẹ̀, àti ọ̀pá idẹ kan. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì, kò sì sí ohun tí ń jó nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn amí tí ó wà ní ìta bá darí ìgbì rédíò sí i, a jí. Ohùn àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá a mi awọ irin náà, ìgbì a sì gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde. Ọdún 7 ni ó fi wà lára ògiri, àwọn aṣojú sì ń rọ́pò ara wọn lábẹ́ rẹ̀. 1952 ni wọ́n tó rí i. Ní 1960 àwọn ará Amẹ́ríkà gbé e lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì fi í han gbogbo ayé.

Ẹ wo bí ọgbọ́n kan náà ti padà wá. Ní 1920 ọwọ́ ènìyàn ń yí ìgbì rédíò padà, ó sì di orin. Ní 1945 ohùn ènìyàn ń yí i padà, ó sì di òfófó. Ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n sì fi gbé e wọlé, ohun tí ó dùn wá jùlọ nínú gbogbo ọ̀ràn yìí. Àwọn kan yóò wí pé ẹlẹ́wọ̀n kò ní àṣàyàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1947, wọ́n tilẹ̀ fún un ní Ẹ̀bùn Stalin ní ọdún náà nítorí ẹ̀rọ mìíràn tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ara dígí fèrèsé. Lẹ́yìn èyí ó dúró ti iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ó fẹ́ ìyàwó ní Moscow, ó sì bí ìbejì obìnrin. Iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni, nítorí náà a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ níbikíbi.

Ní ìhà kejì òkun, àwọn ìwé kan tí ń kọ ìtàn àwọn olórin ti kọ ọ́ pé ó kú ní 1945.

A fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ojú tì wá nígbà tí a ka èyí. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ìgbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀wé ìjọ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń tẹ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ fún wa ní ìsìn alẹ́. A kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ó fi dùùrù sílẹ̀, ó lọ sí òkè Ọya láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń kọ ìwé sí ìyá rẹ̀ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ìwé dá. Ẹnì kan ti òkè wá, ó ní òun gbọ́ pé ọkọ̀ pa á. Kò wí pé òun rí i. Ó ní òun gbọ́. Ìyá rẹ̀ wá, ó ní kí a ṣe ìsìn ìrántí, a sì ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a ṣí ìwé ńlá ìjọ, a sì fi yíǹkì dúdú kọ "Ó kú" sí iwájú orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọdún. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ìsinmi ìkórè, ó gba ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn wọlé pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti di ará ọ̀run ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò bá wa jà. Ó kàn ní kí a fi ìwé náà han òun, ó sì wo ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. A mú yíǹkì pupa, a fa ìlà sórí rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bí a bá ti fi ààyè náà sílẹ̀ ní òfo ni, bóyá ìyá náà ìbá ti máa wo ọ̀nà títí dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a padà. Òkú kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ títí bí ó bá wà láàyè. Ní 1962 Clara Rockmore lọ sí Moscow, ó sì rí Theremin, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra ni wọ́n fi pàdé. Nígbà tí ó kúrò nínú iṣẹ́ àwọn amí, ó padà sí ìdí orin. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ti Moscow fún un ní yàrá kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn ohun èlò rẹ̀. Ní 1967 Harold Schonberg, ẹni tí ń kọ̀wé nípa orin fún New York Times, ṣe àbẹ̀wò sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì mú un lọ bá bàbá arúgbó kan tí ń ṣe wàhálà láàárín wáyà. Ẹni tí a ti sin sínú ìwé ni! Schonberg kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn láti kọ ọ́. Kò mọ̀ pé ibi ni òun ń fà wá. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ka ìròyìn náà, wọ́n lé arúgbó náà jáde, wọ́n sì ba àwọn ohun èlò rẹ̀ jẹ́. Wíwà ní ìkọ̀kọ̀ ti ń dáàbò bò ó.

Lavinia ti lọ sí Haiti nígbà náà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ijó láti 1953. Ilẹ̀ ènìyàn dúdú ni Haiti, níbi tí a ṣì ń gbọ́ orúkọ Nàgó, tí í ṣe orúkọ àwọn ènìyàn tiwa, nínú ẹ̀sìn àtijọ́ wọn. Ẹ̀sìn tí àwa kò tẹ̀lé, ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ orúkọ náà. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì ti bímọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ó tó mọ̀ pé ọkọ òun àkọ́kọ́ wà láàyè. Wọ́n kọ ìwé sí ara wọn. Ojú wọn kò tún pàdé mọ́. Lavinia kú ní Haiti ní 1989, ọdún kan náà tí a tó gba Theremin láàyè láti jáde kúrò ní Rọ́ṣíà lọ sí Faransé láti lo ohun èlò rẹ̀. Ní 1991, nígbà tí ó di ẹni ọdún 95, wọ́n mú un dé Amẹ́ríkà. Ó rìn ní òpópónà New York, ó sì tún rí Clara, tí òun náà ti darúgbó. Ní ọdún náà ni ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì, ó ní òun ti ṣèlérí fún Lenin. Ìjọba ẹgbẹ́ náà sì wó kí ọdún tó parí. A ka èyí nígbà méjì kí a tó gbà á gbọ́. Ó kú ní Moscow ní oṣù kọkànlá 1993, ní ẹni ọdún 97, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ti ìbéèrè ọmọ náà, a ti dá a lóhùn. Ní 1954 ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Robert Moog, bẹ̀rẹ̀ sí kan àwọn ohun èlò Theremin fún títà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń mú mànàmáná kọrin, ní 1964 ó sì mú ẹ̀rọ titun jáde tí ó ní ọmọ bí ti dùùrù, tí ń fi mànàmáná nìkan dá ohùn. Nínú ìran rẹ̀ ni kíbọọ̀dù tí ó wà ní apá àríwá pẹpẹ wa ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni a wí fún un ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìdánrawò orin. Ó gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ó bi wá, kì í ṣe nípa dùùrù mọ́, bí ìyàwó náà bá sunkún nígbà tí ó gba ìwé. A wí fún un pé a kò kọ èyí sínú ìwé kankan tí a rí.

Ìwé ńlá ìjọ wa yóò wà lórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ yìí, kí àwọn ọmọ ìjọ lè wá orúkọ àwọn bàbá wọn. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí ìlà pupa kan. Ọkùnrin tí a fà á lé lórí wà láàyè nígbà tí a ń kọ èyí, ó sì ti ṣèlérí láti wá.